Ọ̀RỌ̀ ÌDÍLÉ: Lórí Yíyan Irin Gọ́ọ̀fù Àlòkù

 

Ìwé kan dé ọwọ́ wa láti Ilé-Ogbó, tí baba àti ìyá jọ fi ọwọ́ sí. Ọmọkùnrin wọn, ẹni ọdún 19, ń ṣe iṣẹ́ kádì, èyí ni pé ó ń gbé àpò ọ̀pá tẹ̀lé àwọn tí ń gbá gọ́ọ̀fù. Ọdún méjì ni ó ti fi ṣe é, kò sì fi ojú lásán wo iṣẹ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ bá ti lọ tán, a máa tọrọ ọ̀pá kan tàbí méjì, a sì máa gbá bọ́ọ̀lù títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Àwọn tí ó ń gbé àpò fún ti wí fún un pé ọwọ́ rẹ̀ dára, àti pé bí ó bá ní ọ̀pá tirẹ̀, ó lè di ẹni tí a ó máa pè sí ìdíje. Nísinsìnyí ó ti rí odindi àpò irin kan lọ́dọ̀ oníṣòwò tòkunbọ̀ kan. Orúkọ ńlá wà lára irin náà, ó sì ń dán bí dígí. Ìyá fẹ́ kí a fi owó obì ọdún yìí rà á. Baba wí pé owó obì náà ni owó ilé-ìwé àwọn àbúrò rẹ̀ méjì. Wọ́n ní kí a bá àwọn dá sí i.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìgbọ́kànlé yìí. A kò ní kọ́ wọn bí wọn yóò ti pín owó ilé wọn, nítorí onílé ni ó mọ ibi tí òrùlé rẹ̀ ti ń jò. Ṣùgbọ́n bí a ti ń ka ìwé náà, a rí i pé baba ń sọ̀rọ̀ nípa owó, ìyá ń sọ̀rọ̀ nípa ìrètí ọmọ, ọmọ ń sọ̀rọ̀ nípa orúkọ tí ó wà lára irin. Kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó bèèrè bóyá irin náà bá ọmọ náà mu. Ìbéèrè yìí gan-an ni ó sì yẹ kí ó ṣáájú gbogbo ìyókù. Bí irin kò bá bá a mu, ẹ̀bùn rẹ̀ yóò bàjẹ́, owó obì yóò sì ti lọ. Bí a bá sì mọ èyí tí ó bá a mu, ó lè jẹ́ pé owó rẹ̀ kò ní tó ohun tí tọkọtaya yóò tìtorí rẹ̀ bínú sí ara wọn.

Kí a tó lọ síwájú, ó tọ́ kí a ṣe àlàyé díẹ̀ fún àwọn tí kò mọ eré yìí. Gọ́ọ̀fù ni eré tí ènìyàn ń fi ọ̀pá gbá bọ́ọ̀lù kékeré kan, tí kò tó ẹyin adìẹ, kọjá lórí koríko títí yóò fi wọ inú ihò. Ẹni tí iye ìgbà tí ó gbá a bá kéré jù ni ó borí. Ihò 18 ni ó máa ń wà nínú pápá tí ó pé. Àwọn ará Scotland ni wọ́n fi òfin sí i, àwọn òyìnbó ìjọba àti àwọn oníṣòwò ni wọ́n sì gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Èkó, a dá Ikoyi Club sílẹ̀ ní ọdún 1938, a sì ń gbá gọ́ọ̀fù níbẹ̀ títí di òní. Ní Ìbàdàn, Ibadan Golf Club wà. Pápá mìíràn sì wà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a ń pè ní IITA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1967. Ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tiwa, Túńdé Pọ́nnlé, ọmọ ìlú Àdá, tẹ́ pápá oníhò 18 sí ìlú rẹ̀, èyí tí a mọ̀ sí MicCom. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún wí pé eré ará òkè òkun nìkan ni.

Ọ̀pá tí ènìyàn lè kó sínú àpò rẹ̀ nígbà eré kò gbọdọ̀ ju 14 lọ. Òfin yìí bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ R&A tí ó wà ní St Andrews ní Scotland sì gbà á ní ọdún 1939. Nínú àwọn ọ̀pá wọ̀nyí, àwọn tí orí wọn jẹ́ irin fẹ́lẹ́ tí ó ní ojú pẹrẹsẹ ni a ń pè ní irin. A kọ nọ́ńbà sí ìdí wọn, láti 3 tàbí 4 títí dé 9. Lẹ́yìn náà ni èyí tí a kọ P sí lára, àti irin iyanrìn tí a kọ S sí lára. Bí nọ́ńbà ti ń pọ̀ sí i ni èèkù ń kúrú sí i, tí ojú irin sì ń dà sẹ́yìn sí i. Irin 4 a máa rán bọ́ọ̀lù lọ jìnnà ní ìsàlẹ̀. Irin 9 a máa gbé e lọ sókè fíofío kí ó lè rọra balẹ̀ nítòsí. Irin ni òṣèré ń lò láti ojú ọ̀nà títí fi dé ẹ̀bá ihò, ó sì tọ́ kí a fi ọgbọ́n rà á.

Ní Ilé-Ogbó, kò sí àgbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ń kọ́ ní bí a ti í yan ọkọ́. Bí ó bá dé ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ, a gbé ọkọ́ náà lọ́wọ́, a wo bí ẹnu rẹ̀ ti fẹ̀ tó, a wo bí èèkù rẹ̀ ti gùn tó, a sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ bí ẹni pé ó wà lórí ebè, kí ó tó fi ọwọ́ kan àpò. Ó mọ̀ pé èèkù tí kò bá ara mu yóò sọ ẹ̀yìn ríro di àìsàn fún òun. Ó sì mọ̀ pé ọkọ́ àkùrọ̀ kì í ṣe ọkọ́ ilẹ̀ olókùúta. Ọgbọ́n kan náà ni ọgbọ́n yíyan irin gọ́ọ̀fù. Nǹkan mẹ́fà ni kí a wò. Orúkọ kò sì sí nínú wọn, nítorí orúkọ kì í gbá bọ́ọ̀lù.

Èkíní ni ara ẹni tí yóò lò ó. Kí ọmọ náà wọ bàtà tí kò ga, kí ó dúró ṣánṣán, kí ó jẹ́ kí apá rẹ̀ rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Kí ẹlòmíràn fi okùn ìwọ̀n aránṣọ wọ̀n ọ́n láti ọrùn ọwọ́ títí dé ilẹ̀. Bí ó bá tó nǹkan bí ínǹṣì 34 sí 36, gígùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò bá a mu. Ní gígùn yìí, irin 7 tí èèkù rẹ̀ jẹ́ irin máa ń jẹ́ nǹkan bí ínǹṣì 37. Bí ìwọ̀n ọmọ náà bá ju èyí lọ dáadáa, tàbí tí ó kéré sí i dáadáa, ó lè jẹ́ pé èèkù tí ó fi ìdajì ínǹṣì gùn jù, tàbí tí ó fi ìdajì ínǹṣì kúrú, ni yóò tù ú lára.

Gígùn nìkan kò sì tó. Ẹ wo bí irin ti ń jókòó sílẹ̀ nígbà tí ó bá ń gbá bọ́ọ̀lù. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ìdí irin, kí ẹ jẹ́ kí ó gbá bọ́ọ̀lù díẹ̀ lórí pákó pẹrẹsẹ, kí ẹ sì wo ibi tí pákó ti fi àpá sí. Bí àpá bá wà ní àárín gbùngbùn, ó dára. Bí ó bá wà ní ìhà ṣóńṣó orí irin, irin náà dùbúlẹ̀ jù fún un, bọ́ọ̀lù rẹ̀ yóò sì máa yà sí ọ̀tún. Bí ó bá wà ní ìhà ibi tí èèkù ti wọ orí irin, irin náà nàró jù, bọ́ọ̀lù yóò sì máa yà sí òsì. Ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ni a ń bá wí. Òdì kejì rẹ̀ ni ti ọlọ́wọ́ òsì. Ilé-iṣẹ́ Ping ní Amẹ́ríkà máa ń fi àmì aláwọ̀ kékeré sí ara irin rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ yìí: dúdú ni àmì ìjókòó déédéé, àwọn àwọ̀ yòókù sì ń sọ bí irin náà ti dùbúlẹ̀ tàbí bí ó ti nàró tó. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni, yóò sì ra irin tí a ṣe fún ẹni tí ó ga jù ú lọ púpọ̀.

Èkejì ni èèkù. Láyé àtijọ́ igi ni a fi ń ṣe é, igi líle kan tí a ń pè ní hickory láti Amẹ́ríkà; ìgbà tí ó di ọdún 1929 ni ẹgbẹ́ R&A gba èèkù irin láàyè. Lẹ́yìn náà ni gráfáìtì dé, èyí tí ó fúyẹ́ púpọ̀. Èèkù irin tí ó wúwo lè tó gíráàmù 130, nígbà tí ti gráfáìtì sábà máa ń wà láàrin 50 sí 80. Fún ọ̀dọ́ tí ó ní agbára, èèkù irin dára, owó rẹ̀ sì máa ń rọ̀ ju ti èkejì lọ nínú àlòkù. Fún àgbàlagbà tí ìgúnpá tàbí ọrùn ọwọ́ ń dùn, àti fún ọ̀pọ̀ obìnrin, gráfáìtì yóò dẹ ara wọn lọ́rùn, nítorí ó fúyẹ́, kì í sì í gbọn ọwọ́ púpọ̀ bí irin bá gbá ilẹ̀.

A máa ń kọ lẹ́tà sí ara èèkù láti fi líle rẹ̀ hàn. L ni ó rọ̀ jù, A tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà R, lẹ́yìn náà S. X ni ó le jù. Níhìn-ín ni ìgbéraga ti ń mú àwọn ọ̀dọ́. Wọ́n á gbọ́ pé alágbára ni ó ń lo S àti X, wọ́n á sì mú un kí a lè rí wọn bí alágbára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò yára tó, tí ó mú èèkù líle, yóò rí i pé bọ́ọ̀lù kì í fẹ́ gòkè, a sì máa sá lọ sí ọ̀tún. Òun yóò sì máa fi gbogbo ara fà á títí ẹ̀yìn yóò fi dùn ún. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. R ni kí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ dán wò. Bí ẹni tí ó mọ eré náà bá sì rí i pé ọwọ́ ọmọ náà yára ní tòótọ́, kí ó gbé S fún un, kí gbogbo wọn sì wo ibi tí bọ́ọ̀lù ń balẹ̀ sí.

Ẹ̀kẹta ni orí irin. Oríṣi méjì pàtàkì ni ó wà. Ọ̀kan jẹ́ irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ̀yìn rẹ̀ dí gbọnrangandan, tí orí rẹ̀ kéré, tí ó sì lẹ́wà lójú. Àwọn ọ̀gá fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó ń gbọ́ràn sí ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù kò bá bá àárín ojú rẹ̀ pàdé gan-an, a máa ta ọwọ́ bí ìgbà tí ènìyàn fi àdá bẹ́ òkúta, bọ́ọ̀lù kò sì ní jìnnà. Èkejì ni èyí tí a gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kòtò, tí a sì kó ìwúwo rẹ̀ lọ sí etí yíká. Irú èyí a máa dárí ji ẹni tí ó ṣi bọ́ọ̀lù gbá: bí kò tilẹ̀ bá àárín pàdé, bọ́ọ̀lù yóò ṣì lọ síwájú lọ́nà tí ó tọ́ díẹ̀. Ọkùnrin kan tí ó sọ ọgbọ́n yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ni Karsten Solheim, ẹni tí a bí ní ilẹ̀ Norway ní ọdún 1911, tí ó di oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ ilé-iṣẹ́ Ping ní ọdún 1959. Irin rẹ̀ tí a ń pè ní Ping Eye 2 jáde ní ọdún 1982. A ṣì lè rí i nínú àlòkù, èyí tí a bá sì tọ́jú dáadáa kò tí ì kọ iṣẹ́. Ẹ rí i nígbà náà pé ọjọ́ orí nìkan kò ba irin jẹ́.

Fún ọmọ tí ń kọ́ eré, irin tí a gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kòtò ni a yàn. Àpò tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò sì ń fi dídán rẹ̀ fa ojú àwọn ọ̀dọ́ mọ́ra ni èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́. Aṣọ ọba kò burú, ṣùgbọ́n a kì í wọ̀ ọ́ lọ roko.

Ẹ̀kẹrin ni nọ́ńbà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀tàn wà jù. Nọ́ńbà tí a kọ sí ìdí irin kì í ṣe òṣùwọ̀n tí gbogbo ilé-iṣẹ́ fi ẹnu kò lé lórí. Irin 7 tí a ṣe ní nǹkan bí ọdún 1985 lè ní ojú tí ó dà sẹ́yìn ní ìwọ̀n dígírì 35. Irin 7 ti ìsinsìnyí lè jẹ́ 30 tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí ilé-iṣẹ́ kan ń pè ní 7 lónìí jẹ́ nǹkan bí 5 tàbí 6 àtijọ́. Nítorí náà, bí oníṣòwò bá wí fún ọ pé irin 7 òun ń rán bọ́ọ̀lù jìnnà ju ti ọ̀rẹ́ rẹ lọ, má yọ̀ jù. Ó lè jẹ́ pé nọ́ńbà ni ó yí padà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé kí àlàfo àárín irin kan àti èkejì dọ́gba, nǹkan bí dígírì 4 ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kí ibi tí bọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan ń dé lè máa fi nǹkan bí ìwọ̀n kan náà ju ara wọn lọ. Bí a bá ra irin ìgbàlódé tí P rẹ̀ jẹ́ dígírì 44, tí a sì fi irin iyanrìn àtijọ́ tí ó jẹ́ 56 kún un, àlàfo ńlá ti ṣí sílẹ̀ láàrin wọn. Nítòsí ihò gan-an ni òṣèré yóò sì ti wá ọ̀pá tì.

Ìdí kan náà ni kò fi yẹ kí a ṣa irin láti inú òkìtì, ọ̀kan láti ibí, ọ̀kan láti ọ̀hún, nítorí pé nọ́ńbà wọn tẹ̀ léra. Kí gbogbo wọn jẹ́ ọmọ ìyá kan: irú orí kan náà, irú èèkù kan náà, lẹ́tà kan náà lára èèkù. Ẹ kà wọ́n pẹ̀lú. Àpò àlòkù sábà máa ń ṣe aláìpé, irin tí ó sì sọnù níbẹ̀ lè jẹ́ èyí tí a ń lò jù.

Ẹ̀karùn-ún ni ilẹ̀ tí a ó ti gbá a. Àwọn ìwé tí a kọ ní òkè òkun kò ro ti ọyẹ́ wa àti ti ilẹ̀ pupa wa. Ẹ yí irin náà padà, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Òmíràn yọ ikùn sísàlẹ̀, ó sì fẹ̀. Òmíràn tín-ín-rín, kò sì ní ikùn púpọ̀. Ní àkókò òjò, nígbà tí ilẹ̀ bá rọ̀, ìdí oníkùn a máa yọ̀ kọjá, kì í jẹ́ kí irin walẹ̀ bí ọkọ́. Ṣùgbọ́n ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí ilẹ̀ bá le bí àpáta, ikùn yẹn kan náà a máa fò lórí ilẹ̀, etí irin a sì gbá bọ́ọ̀lù ní àárín ara rẹ̀, tí yóò fi sáré lọ síbi tí a kò rán an. Bẹ́ẹ̀ ni ní àwọn pápá mìíràn ní ilẹ̀ wa, iyanrìn tí a fi epo pò ni ó yí ihò ká dípò koríko tútù. Ẹni tí pápá rẹ̀ le ní oṣù púpọ̀ nínú ọdún, kí ó yan ìdí tí ikùn rẹ̀ mọ níwọ̀n, pàápàá fún irin iyanrìn àti P. Kádì mọ pápá rẹ̀ ju ẹni tí ń ta irin lọ. Kí ó lo ìmọ̀ náà.

Ẹ̀kẹfà ni àpá ọjọ́ lára irin. Ẹni tí yóò ra àlòkù, kí ó kọ́kọ́ fi ojú rà á kí ó tó fi owó rà á. Ẹ mú irin lọ sí ibi ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ẹ má rà á ní òru, ẹ má sì rà á nínú ọ̀rá. Ẹ fi èékánná tọ àwọn ìlà tí a fín sí ojú irin. Bí èékánná kò bá rí ibi há sí mọ́, ìlà náà ti jẹ tán, bọ́ọ̀lù kò sì ní dúró dáadáa níbi tí ó bá balẹ̀ sí. Ẹ gbé èèkù sókè sí ojú kan, kí ẹ tò ó wò bí ẹni tí ń wo igi àjà bóyá ó tọ́. Èèkù tí ó ti tẹ̀ kì í tọ́ mọ́, ibi tí ó ti tẹ̀ ni yóò sì ti kán. Ẹ wo ìpẹtà: èyí tí ó wà lójú irin lásán ṣeé nù kúrò, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti jẹ èèkù wọnú kò ní oògùn. Ẹ mi irin náà sí etí. Bí nǹkan bá ń dún nínú rẹ̀, ohun kan ti tú. Ẹ di orí mú, kí ẹ yí èèkù. Bí ó bá yí, àtè tí ó dè wọ́n pọ̀ ti kú.

Bí orí bá tú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbé irin náà lọ sí ojú iná alágbẹ̀dẹ tàbí ti alájórin. Iná kì í so ó. Ńṣe ni ó ń yọ́ àtè tí ó kù, a sì máa ba líle èèkù jẹ́. Orí irin tí ó bá tú kúrò lẹ́nu eré lè ṣe ènìyàn léṣe. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọ̀pá gọ́ọ̀fù ní pápá ni kí ó tún un ṣe. Ní ti ìdìmú rọ́bà tí ó ti gan tàbí tí ó ti ń dán, ìyẹn kì í ṣe ohun ẹ̀rù. Ọṣẹ àti omi lè sọ ọ́ jí. Bí kò bá sì jí, a lè fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú owó díẹ̀. Ẹ lo ìdìmú tí ó gbó láti fi dín owó kù lọ́dọ̀ ọlọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìdìmú tuntun tàn yín láti ra èèkù tí ó tẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú pẹ̀lú. Ẹ to irin náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí lẹ́tà orúkọ bá wọ́ lórí ọ̀kan tí ó tọ́ lórí èkejì, bí ọ̀dà bá ṣàn kọjá ààlà, bí ìwúwo wọn kò bá bá ara mu bí ẹ ti ń gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Irin orúkọ ńlá tí a ń tà ní owó yẹpẹrẹ ní láti sọ ìdí rẹ̀ fún wa kí a tó gbà á sílé. Ẹni tí ó bá sì ní ìdíje ńlá lọ́kàn, kí ó bi akọ̀wé ẹgbẹ́ bóyá ìlà ojú irin tí ó fẹ́ rà bá òfin mu, nítorí láti ọdún 2010 ni a ti mú òfin náà le sí i.

Irin mélòó ni ó tó? Òfin gba 14 láàyè, kò fi dandan mú ẹnikẹ́ni láti ní 14. Fún ẹni tí ń bẹ̀rẹ̀, irin 5, 7 àti 9, irin iyanrìn, ọ̀pá kan tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, àti ọ̀pá tí a fi ń tì í sínú ihò, ó tó láti fi kọ́ eré fún ọdún kan gbáko. Irin 3 àti 4 ṣòro fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti gbé bọ́ọ̀lù sókè. Kí wọ́n má yá a lára láti san owó lé wọn. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Bí ọmọ náà bá sì rò pé ìtìjú ni láti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀, kí a sọ ìtàn Severiano Ballesteros fún un. Ọmọ àgbẹ̀ ni, ní abúlé Pedreña ní ilẹ̀ Sípéènì, òun náà sì ṣe kádì ní kékeré. Irin 3 àlòkù kan ṣoṣo ni ó fi kọ́ eré, lórí iyanrìn etí òkun. Nítorí pé kò ní òmíràn, irin kan yẹn ni ó fi kọ́ bí a ti í gbá bọ́ọ̀lù sókè, sísàlẹ̀, sọ́tùn-ún àti sósì. Ó gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje Open ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1979, 1984 àti 1988. Ó sì borí nínú ìdíje Masters ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1980 àti 1983. Ó kú ní ọdún 2011, ṣùgbọ́n gbogbo ẹni tí ń gbá gọ́ọ̀fù ni ó mọ orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe àpò dídán ni ó sọ ọ́ di ènìyàn.

Nítorí náà, èyí ni ìdáhùn wa fún baba àti ìyá tí ó kọ̀wé. Ẹ má fi owó ilé-ìwé àwọn àbúrò ra àpò tí ẹ rí yẹn. Ẹ má sì lé ọmọ náà kúrò lẹ́nu ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí ń fi gọ́ọ̀fù jẹun ní ilẹ̀ wa lónìí ni ó ti ẹnu iṣẹ́ kádì dìde. Ẹ jẹ́ kí ó wá irin mẹ́rin tí a kà sókè yìí, ọmọ ìyá kan náà, èyí tí a gbẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ kòtò, tí èèkù rẹ̀ bá a mu. Kí òun fúnra rẹ̀ fi nínú owó kádì rẹ̀ san ìdajì, kí ẹ̀yin sì san ìdajì yòókù; ohun tí ènìyàn fi òógùn ara rẹ̀ rà ni ó ń tọ́jú. Bí ọdún kan bá yí po, tí ó ṣì ń lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́, tí irin wọ̀nyí sì ti kéré fún ohun tí ó mọ̀, nígbà náà ni kí ẹ tún jókòó lórí ọ̀rọ̀ owó obì.

Sí ọmọ náà, ọ̀rọ̀ kan. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. O kò lè rí bí ìwọ fúnra rẹ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Mú ẹni tí ó jù ọ́ lọ nínú eré náà dání lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò, kí o sì bẹ oníṣòwò náà pé kí ó jẹ́ kí o gbá bọ́ọ̀lù 20 pẹ̀lú irin 7 rẹ̀ kí o tó san kọ́bọ̀. Olóòótọ́ kò ní kọ̀. Èyí tí ó bá kọ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì máa bá ọ̀nà rẹ lọ. Ó ti sọ ohun tí o fẹ́ mọ̀ fún ọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò tòkunbọ̀ náà, a kò bá yín jà. Ẹ ń ṣe iṣẹ́ rere, nítorí nípasẹ̀ yín ni ohun tí olówó ti lò tán fi ń di ohun ìgbéga fún ọmọ àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa bi oníbàárà yín bí ó ti ga tó àti bí ó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, kí ẹ tó bi í pé èló ni ó mú wá. Ẹni tí ẹ bá ta irin tí ó bá a mu fún lónìí, òun ni yóò mú ẹlòmíràn wá lọ́la.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí a bá wà láàyè.